Opium tàbí Coco: bí mo ṣe yan lọ́fíńdà tí mo lò níbi ìgbéyàwó àbúrò mi

Nílé wa ní Ìbàdàn, nínú àpótí tí Màámi ń kó gèlè sí, ìgò pupa kan wà níbẹ̀ tó ti gbẹ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ṣì wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Opium ni, lọ́fíńdà tí ilé-iṣẹ́ Yves Saint Laurent gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1977. Màámi kì í pe orúkọ yẹn. Ọjọ́ tí ẹnìkan ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ oògùn olóró ni, wọ́n ní kò ní í ti ẹnu àwọn jáde, wọ́n sì sọ ọ́ di "lọ́fíńdà pupa". Bí ó bá di ọjọ́ Kérésì tàbí ọjọ́ ìkómọ, òórùn lọ́fíńdà pupa á ti gba pálọ̀ kan kí Màámi tó jáde ní yàrá, èmi á sì máa rìn sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìró wọn kí díẹ̀ lè ta sí mi lára.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, Màámi ní èmi tí mo jẹ́ ọmọbìnrin àgbà ni màá dúró ti àwọn láti ibi ìdána títí dé ibi àríyá. Mo mọ̀ pé lọ́fíńdà tí mò ń fín lọ síbi iṣẹ́ kò lè gbé ọjọ́ yẹn. Ó fẹ́lẹ́, òórùn ọṣẹ ló ní, kó tó di aago mẹ́wàá ó ti lọ. Èyí tí mo fẹ́ ni èyí tí òdòdó àti èròjà gbígbóná jọ wà nínú rẹ̀, tí á lè bá aṣọ-òkè dọ́gba, tí èèyàn á gbọ́ láàárín èéfín jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò.

Owó ìgò kan ṣoṣo ni mo ní, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi tọ́jú rẹ̀. Méjì ló wà lọ́kàn mi. Opium, nítorí Màámi. Ìkejì ni Coco ti ilé-iṣẹ́ Chanel, nítorí ọ̀gá mi obìnrin kan níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Bí wọ́n bá gba kọ́rídọ̀ kọjá láàárọ̀, òórùn wọn á ṣì dúró síbẹ̀ títí ọ̀sán, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa retí ẹnìkan. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn kí n tó ní ìgboyà láti béèrè orúkọ lọ́fíńdà náà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ̀rọ̀ orúkọ, torí ó lè gbówó lọ́wọ́ èèyàn. Coco tí mò ń wí kì í ṣe Coco Mademoiselle. Coco jáde lọ́dún 1984, Jacques Polge ló pò ó. Mademoiselle jáde lọ́dún 2001, ọwọ́ Polge yìí kan náà ló ti wá, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ọsàn àti patchouli, ewé olóòórùn kan tó ń rùn bí ilẹ̀ tútù, ló ṣíwájú níbẹ̀, kò ní ooru tí mò ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Black Opium, tó jáde lọ́dún 2014, kì í ṣe Opium. Kọfí àti fànílà ló gba inú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi wá wọn, Black Opium ló kọ́kọ́ gbé wá. Ó ní, "Àǹtí, èyí ni gbogbo èèyàn ń rà." Mo ṣàlàyé fún un, ó dá a padà, kò sì bínú.

Mi ò fẹ́ ra odindi ìgò lójú kan. Lọ́dún tó ṣáájú, mo ra ìgò kan lọ́jà tó jẹ́ ayédèrú. Lẹ́yìn wákàtí kan, òórùn spírítì ló kù lọ́rùn mi, owó mi sì gbé. Torí náà ni mo ṣe wá ọmọbìnrin yìí, ẹni tó máa ń ra ojúlówó ìgò ńlá, tó sì máa ń tú u tà nínú ìgò kékeré. Mo gba mílílítà 5 Opium àti mílílítà 5 Coco, *eau de parfum* ni méjèèjì. Ẹ kíyè sí ìyẹn. Ẹni tó bá fi *eau de toilette* ti ọ̀kan wé *eau de parfum* ti èkejì, kò ṣe ìdájọ́ òdodo, torí èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni òróró olóòórùn pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo fín Opium sí ọrùn ọwọ́ òsì, mo fín Coco sí ti ọ̀tún. Kò tó ìdajì wákàtí tí mi ò fi mọ èyí tí mò ń gbọ́ mọ́. Àwọn méjèèjì gbóná, àwọn méjèèjì dùn, wọ́n wọnú ara wọn, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ẹnìkan ní kí n máa gbóòórùn hóró kọfí láàárín wọn kí imú mi lè là. Mo gbìyànjú rẹ̀, kọfí náà kàn di òórùn kẹta ni. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n jáde sí bàlíkónì kí n mí dáadáa, tàbí kí n gbé imú sí ìgúnwọ́ mi níbi tí mi ò fín nǹkan kan sí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé e gba ọ̀nà mìíràn: ọjọ́ kan, lọ́fíńdà kan, ọjọ́ kan láàárín láìfín nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ tí kò lóòórùn, mi ò pa kíríìmù olóòórùn, mo fín in lẹ́ẹ̀mejì péré, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ ọrùn, ọ̀kan sí inú ìgúnwọ́. Mi ò fi ọwọ́ ra á. Mo kọ aago sínú ìwé àjákọ kan: bí mo ṣe fín in, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aago mẹ́wàá, aago mẹ́ta, àti ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn.

Bí a bá fín Opium, tanjaríìnì ló kọ́kọ́ ń dé, kì í sì í pẹ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òdòdó jasmine àti kànáfùrù á jọ dìde. Nígbà tó bá di bíi wákàtí kejì, òjíá á dé. Òjíá yìí gan-an ni èyí tí àwọn amòye gbé wá láti ìlà-oòrùn pẹ̀lú wúrà àti tùràrí. Láti kékeré ni mo ti ń kà á nínú Mátíù, tí a sì ń ṣe eré rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ̀ bí ó ṣe ń rùn. Oje igi ni. Ó korò díẹ̀, ó ní èéfín nínú, ó dà bí inú ilé ìjọsìn tí wọ́n ti jó tùràrí lánàá tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Fànílà àti patchouli wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n rọ̀ ọ́ lójú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ délẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè dìde fún ìgbà díẹ̀.

Tanjaríìnì ni Coco náà fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó ọsàn àti róòsì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó dá nìkan sọ̀rọ̀. Kànáfùrù rẹ̀ kò yọjú bí ẹni tó ń wọlé. Inú róòsì ló ti ń jáde, bí ìgbà tí èèyàn rẹ róòsì sínú oyin tí ó sì fi kànáfùrù mélòó kan gún un. Ní ọ̀sán, hóró tonka tí òórùn rẹ̀ jọ ti fànílà, fànílà fúnra rẹ̀ àti patchouli ló kù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara gan-an. Aago mọ́kànlá alẹ́, mo ṣì ń gbọ́ ọ nínú ìgúnwọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kànáfùrù yìí gbà mí lọ́kàn púpọ̀. Mo ní kí ọmọbìnrin yẹn ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí méjèèjì fún mi, mo sì rí *eugenol* lára méjèèjì. Eugenol ló pọ̀ jù nínú epo kànáfùrù. Òun ló máa ń mú kí inú ẹnu kú tí a bá fi kànáfùrù sí eyín tó ń dùn wá. Òun la ń gbọ́ nínú sobo tí wọ́n bá sè é dáadáa. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé òdòdó carnation náà ní eugenol nínú, tó fi jẹ́ pé kànáfùrù ni àwọn tó ń po lọ́fíńdà fi ń gbé òórùn òdòdó yẹn jáde. Mo ti rò pé "òdòdó olóòórùn gbígbóná" túmọ̀ sí pé wọ́n po òdòdó sọ́tọ̀, wọ́n wá bu èròjà ọbẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òdòdó gan-an ni ooru náà wà.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló mú kí wọ́n kọ eugenol sẹ́yìn páálí. Lọ́dún 2005, èròjà 26 tó lè mú ara yún ni òfin náà kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa dárúkọ bí wọ́n bá ti ju ìwọ̀n kan lọ nínú lọ́fíńdà tàbí ìpara; lọ́dún 2023, wọ́n fi ọ̀pọ̀ mìíràn kún un. Ẹni tí ara rẹ̀ bá máa ń yún, kó ka ẹ̀yìn páálí kó tó sanwó. Ara tèmi gba méjèèjì.

Ooru Èkó kò jọ ti ibi tí wọ́n ti po àwọn lọ́fíńdà yìí. Mo wọ dánfó láti Ojúẹlẹ́gbà lọ sí CMS lọ́jọ́ tí Opium wà lọ́rùn mi, gòsúlọ̀ọ̀ dá wa dúró lórí afárá, oòrùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òórùn mi ti gba ìjókòó mẹ́ta. Bàbá tó wà níwájú mi ṣí fèrèsé. Obìnrin tó jókòó tì mí, ní tirẹ̀, béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Ooru ló ń gbé lọ́fíńdà kúrò lára: àwọn èròjà fífúyẹ́ bíi ti ọsàn á kọ́kọ́ fò lọ, àwọn tó wúwo bí oje igi àti fànílà á kẹ́yìn, bí ara bá gbóná jù, gbogbo wọn á rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Coco náà ta sánsán lójú ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣí fèrèsé. Nínú ọ́fíìsì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí wa láti àárọ̀, Coco sùn sílẹ̀ títí di ọ̀sán, Opium kò sùn rárá. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, torí imú ẹni máa ń mọ́ òórùn ara ẹni kíákíá, èèyàn á rò pé ó ti lọ nígbà tí àwọn ẹlòmíì ṣì ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibi àríyá ni mo ń múra sílẹ̀ fún, kì í ṣe ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn aládùúgbò wa ń ṣe ọjọ́ ìbí ìyá wọn, wọ́n pa àgọ́ sí ojú títì, àwọn alásè sì dáná igi sí ẹ̀gbẹ́ géètì wa. Opium ni mo fín lọ. Mo jókòó síbi tí èéfín ti ń fẹ́ wá, mo sì retí. Kí ó tó di aago méjì, mi ò gbọ́ ara mi mọ́. Àbúrò ìyá kan tó gbá mi mọ́ra ní òun ń gbọ́ nǹkan dídùn lára mi, àmọ́ òun ò mọ̀ bóyá ti ìkòkò ọbẹ̀ ni. Òjíá inú Opium, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, ti lọ dara pọ̀ mọ́ èéfín igi. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìkómọ wà ní òpópónà kejì, alásè tún dáná igi; mo fín Coco lọ. Róòsì àti adùn bí oyin yẹn kò jọ ohunkóhun tó wà lórí iná, wọ́n dá dúró. Bí mo ṣe ń kọjá láàárín tábìlì, àwọn èèyàn ń yíjú. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń fì sí Coco, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ gbà fún ara mi.

Mo tún fi ègé léèsì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ télọ̀ wò ó. Léèsì tiwa láwọ̀ bíi wàrà, omi àwọn lọ́fíńdà méjèèjì sì pọ́n bí tíì. Méjèèjì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Mo yára fi ìyẹn sọ́kàn: ara nìkan, tàbí abẹ́ ìró, kò sí lórí léèsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, mo gbé ìgò kékeré méjèèjì lọ sí Ìbàdàn. Ọyẹ́ ti dé díẹ̀, ètè ti ń là. Lọ́fíńdà tó ń lo ọjọ́ kan lára mi l'Ékòó, wákàtí mẹ́rin ló lò, torí awọ ara ti gbẹ, kò ní ohun tí á dì í mú. Mo kọ́kọ́ pa òrí sí i lábẹ́. Òrí dára fún ara, ṣùgbọ́n òun náà lóòórùn tirẹ̀, ó sì ń bá róòsì jà. Básílíìnì tí kò lóòórùn ló ṣe é. Díẹ̀ báyìí sí ìsàlẹ̀ ọrùn, kí a tó fín in, ó dá gbogbo wákàtí tí ọyẹ́ gbà lọ padà.

Màámi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo fín Opium sẹ́yìn ọwọ́ wọn láìsọ ohun tó jẹ́. Wọ́n gbé e símú, wọ́n dákẹ́, wọ́n padà sídìí ẹ̀wà. Lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí wọ́n tún gbé e símú.

"Lọ́fíńdà pupa nìyí," wọ́n ní. "Rárá o. Ọmọ rẹ̀ ni. Kì í ṣe òun."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ìgò gbígbẹ náà wá láti inú àpótí, wọ́n ṣí i fún mi. Òórùn ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ṣókùnkùn, ó nípọn, kànáfùrù rẹ̀ le ju ti ìgò mi lọ. Lóòótọ́, lọ́fíńdà tó bá ti pẹ́ máa ń yí padà nínú ìgò. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 ni Yves Saint Laurent tún Opium pò, tí wọ́n sì fi ìgò mìíràn rọ́pò pupa yẹn, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí àpótí kékeré tí àwọn ará Japan ayé àtijọ́ máa ń so mọ́ ìgbànú. Láti ìgbà tí Màámi ti ń lò ó, òfin nípa àwọn èròjà tó ń yún ara ti le sí i, eugenol sì wà lára àwọn tí wọ́n fi ìwọ̀n sí. Ìyẹn ni pé ohun tí mo fẹ́ rà fún ìrántí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Inú àpótí gèlè ni ìyókù rẹ̀ wà.

Mo sọ fún wọn pé nígbà tí wọ́n gbé Opium dé Amẹ́ríkà, àwọn ará Ṣáínà tó wà níbẹ̀ fẹ̀hónú hàn nítorí orúkọ rẹ̀, torí oògùn yẹn ba ayé jẹ́ mọ́ àwọn baba ńlá wọn lọ́wọ́. Màámi mi orí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn," wọ́n ní.

Mo wá fín èkejì sí ọwọ́ wọn kejì. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, mo ní Coco. "Kòkó ẹ̀wẹ̀? Ṣé kòkó tí bàbá mi ń sá náà ni?" Mo ní rárá, orúkọ ìnagijẹ Gabrielle Chanel ni, obìnrin tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì ti kú láti ọdún 1971, kí lọ́fíńdà yìí tó jáde. Wọ́n gbé ọwọ́ náà símú, wọn kò tètè gbé e kúrò.

"Kànáfùrù tí ìyá mi máa ń há sẹ́nu nìyí," wọ́n ní. "Wọ́n wá fi òdòdó dì í."

Mo ra Coco lọ́sẹ̀ náà. Mílílítà 50 ni. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi rà á. Mo wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìgò, mo fi wé ti páálí, wọ́n bára mu. Mo sì fín in lẹ́ẹ̀kan sí ìwé pẹlẹbẹ kan, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo fi wé èyí tó kù nínú ìgò kékeré. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti múra. Básílíìnì díẹ̀, lẹ́yìn náà Coco lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ̀yìn ọrùn, àyà lábẹ́ bùbá, àti abẹ́ ìró níbi tí àbàwọ́n ò ti lè hàn. Mo na gèlè mi sórí àga, mo dúró jìnnà díẹ̀, mo fín in lẹ́ẹ̀kan péré sí etí rẹ̀ tí yóò wọ inú nígbà tí wọ́n bá wé e, torí aṣọ-òkè máa ń di òórùn mú ju awọ ara lọ. Nígbà tí àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, tí alága ìjókòó ní kí wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ tanjaríìnì. Ní ibi àríyá, àwọn alásè dáná igi sẹ́yìn gbọ̀ngàn bí mo ṣe rò ó. Ìyá ìyàwó gbá mi mọ́ra, wọ́n dì mí mú, wọ́n ní, "Kí lò ń fín, ọmọ mi?"

Màámi náà fín nínú Coco láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n sì mú ìgò kékeré Opium tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn á máa lò ó lọ sí ìpàdé ọjọ́ Ọjọ́rú. Ó ti wà nínú àpótí gèlè báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò pupa. Tèmi wà nínú páálí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù, níbi tí oòrùn ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì fọ gèlè yẹn.